ẸJỌ́ TÍ A DÁ NÍNÚ ERÉ
Ẹ̀kọ́ lórí ìfura, ẹ̀rí àti irọ́ àwàdà

  

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí pé orí eré ni a ó gbé e kà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n. Eré tí wọ́n ń pè ní Mafia ni. Ẹni tó bá ti lọ sí ìpàgọ́ ọ̀dọ́ rí, tàbí tó ń gbé ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tó máa ń ka ìwé yìí lẹ́yìn tí ọmọ wọn bá ti kà á tán (a mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀) lè má mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ká sọ pé ènìyàn 7 jókòó yí ara wọn ká, tí ẹnì kan sì jẹ́ rẹfirí. Rẹfirí á pín pépà kéékèèké tí a ká fún wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi tirẹ̀ han ẹlòmíràn. Nínú pépà 7 yìí, a kọ “Mafia” sí 2, a kọ “ará ìlú” sí 5. Rẹfirí á ní kí gbogbo ènìyàn dijú, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn. Á wá ní kí àwọn Mafia nìkan lajú, kí wọ́n mọ ara wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ tọ́ka sí ará ìlú kan tí wọ́n fẹ́ pa. Wọ́n á tún dijú. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo wọn á lajú, rẹfirí á kéde ẹni tó kú, ẹni náà á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà yìí ni ariwo á wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù á máa bi ara wọn pé ta ni apànìyàn inú wa? Wọ́n á fẹ̀sùn kan ara wọn, wọ́n á gbèjà ara wọn, wọ́n á wá nawọ́ dìbò. Ẹni tí ìbò bá pọ̀ lórí rẹ̀ ni ará ìlú á pa lọ́sàn-án, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa ṣí pépà rẹ̀ wò bóyá apànìyàn ni lóòótọ́. Ilẹ̀ á tún ṣú. Bí wọ́n bá mú Mafia tán, ará ìlú ló borí. Bí iye Mafia bá dọ́gba pẹ̀lú iye ará ìlú tó kù, Mafia ló borí. Àwọn mìíràn máa ń fi ọlọ́pàá àti dókítà kún un, ṣùgbọ́n egungun eré náà nìyẹn.

Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Dimitry Davidoff, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣesí àti èrò ọkàn ọmọ ènìyàn ní yunifásítì ìjọba tó wà ní Moscow, ló ṣẹ̀dá rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1986 sí 1987. Ohun tó dá eré náà lé kò ju èyí lọ: àwọn díẹ̀ tí wọ́n mọ òtítọ́, àti àwọn púpọ̀ tí wọn kò mọ̀ ọ́n, ta ni yóò ṣẹ́gun? Ní 1997, ará Amẹ́ríkà kan, Andrew Plotkin, sọ àwọn Mafia di ènìyàn tó ń di ìkookò lóru, wọ́n sì ń pe èyí ní Werewolf. Ní 2018 ni Among Us jáde, èyí tí a ń ṣe lórí fóònù. Nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé ní 2020, ó tàn ká ayé bí iná ọyẹ́. Ẹ̀yin náà mọ èyí dáadáa jù wá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjà pẹ̀lú eré ni a bá wá. Ìsìláàmù kò ní kí ọ̀dọ́ máa lejú koko láti àárọ̀ di alẹ́. Ànábì (SAW) bá ìyàwó rẹ̀ Àíṣà sáré ìje, ó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ kan, ó ṣíwájú lọ́jọ́ kejì. A sì gbọ́ pé àwọn sàábé máa ń ju èèpo bàrà lu ara wọn fún eré, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá dé, akin ni wọ́n. Bí kò bá sí owó tí wọ́n ń ta nínú eré, tí kò pa ìrun lára, tí ọkùnrin àti obìnrin kò kọjá ààlà, ọ̀nà ti là fún un títí dé ibì kan. Ibi tó dé yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wa. Ohun tó sì mú wa kọ ọ́ kì í ṣe ìwé tí a kà, ohun tí ojú wa rí ni.

Ní ìsinmi kan tí kò tíì jìnnà, a lọ ṣe olùkọ́ ní ìpàgọ́ ọlọ́jọ́ 6 fún àwọn ọ̀dọ́. Lálaalẹ́ lẹ́yìn ìrun Iṣái, wọ́n á tẹ́ ẹní, àwọn arábìnrin lápá kan, àwọn arákùnrin lápá kejì, wọ́n á ṣe eré yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n bẹ̀ wá pé kí a wá ṣe rẹfirí fún àwọn arákùnrin. A gbà. Ènìyàn 13 ni wọ́n, a pín pépà Mafia 3.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ìrun bá tán, òun ló máa ń ká ẹní. Bí oúnjẹ bá dé, òun ló máa ń bù gbẹ̀yìn. Pépà Mafia bọ́ sí i lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni a ti rí i tó ń wo wá bí ẹni tó fẹ́ dá a padà, a sì rọra sọ fún un pé kó ṣe é dáadáa. Ó ṣe é dáadáa ná! Ọ̀rọ̀ díẹ̀ díẹ̀ ló ń sọ, ṣùgbọ́n ibi tó bá sọ ọ́ sí ni gbogbo wọn ń lọ. Aláìṣẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n tìtorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dìbò pa. Nígbà tí eré parí tó ṣí pépà rẹ̀, ariwo ta. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń pè é ní Mafia. Àwa náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. A wá sọ ọ̀rọ̀ kan láti fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín sí i. A ní, “Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó bá dákẹ́ ni kí ẹ máa ṣọ́.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí gbólóhùn yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nǹkan bí aago mẹ́jọ, igbákejì akápò lọ mú owó níbi tí wọ́n ń fi owó oúnjẹ sí, kó lè ra búrẹ́dì. ₦46,000 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àpò ìwé náà ṣófo. Akápò gan-an ti lọ sígboro láti lọ mú àlejò tí yóò ṣe wàásù wá, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo àgọ́ ti gbọ́. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé ẹni tó dákẹ́ ni kí a máa ṣọ́, Ustaz fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. Òmíràn ní, “Àbí ẹ kò rí bó ṣe tàn wá láìṣẹ́jú?” Ẹlòmíràn rántí pé òun rí i nínú yàrá nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe àlùwàlá. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti tú báàgì ọmọ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Jalabíà méjì, ìwé, pákò, búrọ́ọ̀ṣì àti bàtà ni wọ́n rí níbẹ̀.

A kò ní kí wọ́n tú báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń wò wọ́n, a kò sì dá wọn dúró. Èyí tó burú jù ni pé nínú ọkàn tiwa náà, ìbéèrè kan ti ń dìde. A pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a bi í bóyá ó mọ nǹkan kan nípa owó náà. Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ustaz, ẹ̀yin lẹ fún mi ní pépà yẹn.”

A kò rí èsì fọ̀.

Ó tó aago mẹ́wàá ààbọ̀ kí Ìyá tó ń dáná fún wa tó ti ọjà dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti àpò ìrẹsì lórí ọ̀kadà. Akápò ti gbé owó náà fún wọn kí a tó kí ìrun Àsùbá, kí wọ́n lè tètè dé ọjà. Wọ́n tilẹ̀ bá wa dá ṣéńjì padà. Nígbà tí a máa wá ọmọ náà lọ láti tọrọ àforíjì, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ sílé.

Ẹ̀yin ará, kí ló mú wa ṣe ohun tí a ṣe? Àwọn kan lára àwọn olùkọ́ tó kù ní eré náà ló fà á, kí a fòfin dè é kúrò ní àgọ́. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Eré kọ́ ló tú báàgì. A gbé àṣà inú eré jáde sínú ayé ni, àṣà náà sì ti burú kódà nínú eré. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò hàn yín, nítorí a ti fi ṣọ́ọ̀kì ṣe é lójú pátákó fún kíláàsì wa, kò sì ṣòro.

Ẹ padà sórí ènìyàn 7 wa, Mafia 2 àti ará ìlú 5. Ní òru àkọ́kọ́, ará ìlú kan kú, ó ku 6. Ká ní àwọn ènìyàn kò ní ẹ̀rí kankan, tí wọ́n kàn ń yan ẹnikẹ́ni tí ọkàn wọn bá lọ sí. Nínú 6, Mafia jẹ́ 2, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta ni wọ́n á bá Mafia. Bí wọ́n bá ṣì í, wọ́n ti pa aláìṣẹ̀, ó ku 5. Òru á dé, á ku 4, Mafia 2 àti ará ìlú 2, eré ti parí nìyẹn. Bí wọ́n bá bá a, ó ku 5 tí Mafia kan ṣoṣo wà nínú wọn. Òru á dé, á ku 4. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún bá ẹyọ kan yẹn nínú 4, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Bí wọ́n bá ṣì í, ó ku 3, òru á dé, á ku 2, Mafia ló borí. Ẹ sọ ìdámẹ́ta di ọ̀nà mẹ́rin: ìdá kan nínú 12. Bí wọ́n bá ṣe eré náà nígbà 12, a lè retí pé ẹ̀ẹ̀kan ni ará ìlú á borí. Nínú 11 yòókù ńkọ́? Ẹ tún un wò dáadáa. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ará ìlú fi ọwọ́ ara wọn pa aláìṣẹ̀ kan. Apànìyàn kò ní ṣe wàhálà lọ títí, àwọn aládùúgbò ló bá a parí iṣẹ́.

Àwọn kan á ní, “Àwa kì í kàn yàn, a máa ń wo ojú ẹni. Òpùrọ́ máa ń làágùn.” Àwa náà gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2006, ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Charles Bond àti Bella DePaulo, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ, nínú èyí tí àwọn ènìyàn tó ju 24,000 lọ ti gbìyànjú láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń parọ́ àti ẹni tó ń sòótọ́. Nínú 100, 54 ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá da owó ẹyọ sókè, tí kò tilẹ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni, á gba nǹkan bí 50. Ojú tí a fi ń yangàn kò jù báyìí lọ.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹ̀gún mìíràn. Nínú àwọn fíìmù òyìnbó, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí kò bá lè wo ojú ẹni ń pa nǹkan mọ́. Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa kì í ranjú mọ́ àgbà. Bí àgbà bá ń bá a wí, ilẹ̀ ló ń wò. Ọmọ yẹn wolẹ̀ nígbà tí a bi í léèrè, àwa tí a jẹ́ Yorùbá, tí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìwà láti ọdún mélòó kan, a fẹ́ ka ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn.

Ẹ wá wo ohun tí Àlùkùráánì kọ́ wa. Nínú Súrátul-Hujuraat, ẹsẹ 12, Ọlọ́hun pàṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé kí wọ́n jìnnà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbá dídá, nítorí pé apá kan nínú rẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Ó kọ̀ fún wa láti máa tọpinpin ara wa, lẹ́yìn náà ni Ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ wo bó ṣe tò ó: àbá, lẹ́yìn náà ìtọpinpin, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ wa gan-an nìyẹn, ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà báàgì, lẹ́yìn náà ìròyìn tó dé àgọ́ àwọn arábìnrin kí Ìyá tó ti ọjà dé. Ẹsẹ 11 tó ṣáájú rẹ̀ sì kìlọ̀ nípa pípe ara ẹni ní orúkọ burúkú. “Mafia” tí wọ́n ń pè é lálẹ́ tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pè é láàárọ̀. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣé kí a má ṣèwádìí mọ́ ni? Rárá o. Nínú Súrà yìí kan náà, ẹsẹ 6, a pàṣẹ fún wa pé bí ẹni tí ìwà rẹ̀ kò dára bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀ kí a má baà ṣe àwọn kan ní ibi pẹ̀lú àìmọ̀, kí a wá kábàámọ̀. Ìwádìí yàtọ̀ sí ìfura. Ibi tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn kedere jù, lójú wa, ni Súrátu Yuusuf. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré yìí yẹ kí wọ́n tún un kà pẹ̀lú ojú mìíràn, nítorí pé ẹ̀wù ló kún inú rẹ̀.

Ẹ̀wù àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n Yuusuf gbé wá fún bàbá wọn Yahkuubu, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ irọ́ lára rẹ̀. Àwọn díẹ̀ tó mọ òtítọ́ nìyẹn, wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n tilẹ̀ sunkún wá ní àṣálẹ́. Bó bá jẹ́ ìbò ni, ìbò wọn pọ̀ ju ti bàbá lọ. Yahkuubu kò gbà wọ́n gbọ́, àwọn onítúmọ̀ Àlùkùráánì sì ní ohun tó ṣàkíyèsí ni pé ẹ̀wù náà kò ya. Irú ìkookò wo ló jẹ ọmọ tí kò fa ẹ̀wù rẹ̀ ya? Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí Yahkuubu ṣe pẹ̀lú ohun tó mọ̀. Ó sọ fún wọn pé ọkàn wọn ló ṣe ọ̀ràn náà lọ́ṣọ̀ọ́ fún wọn, ó sì mú sùúrù. Kò yan ẹnì kan nínú wọn kí ó ní ìwọ lo ṣe é.

Ẹ̀wù kejì wà ní ilé ọ̀gá rẹ̀ ní Íjíbítì. Ìyàwó ọ̀gá fẹ̀sùn kan Yuusuf, Yuusuf sì ní òun kọ́. Ẹnu méjì ni, kò sí ẹlẹ́rìí tó rí wọn. Obìnrin yìí ní ipò, Yuusuf jẹ́ ẹrú àti àlejò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa wọ̀ létí yára hàn gbangba. Ará ilé obìnrin náà kan wá là á sílẹ̀ pé kí wọ́n wo ẹ̀wù: bí iwájú ló ti ya, obìnrin náà ló sòótọ́, bí ẹ̀yìn ló ti ya, Yuusuf ló sòótọ́. Ẹ kíyè sí i pé ó ti sọ ohun tí èsì kọ̀ọ̀kan yóò túmọ̀ sí kí wọ́n tó yí ẹ̀yìn ẹ̀wù wò. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Kò béèrè ta ló làágùn. Ẹ̀wù ya lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ parí. Bí àwa bá ti béèrè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé, kí ló yẹ kí a rí bí wọ́n bá jí owó yìí, kí ló sì yẹ kí a rí bí wọn kò bá jí i, ohun àkọ́kọ́ tí à bá ṣe ni kí a béèrè ibi tí Ìyá olóúnjẹ wà.

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí a kò lè fi sílẹ̀. Ní Mẹ̀dínà, àwọn munááfìkí wà láàárín àwọn mùsùlùmí ní tòótọ́, wọ́n ń kírun pẹ̀lú wọn, wọ́n ń bá wọn jẹun. Kì í ṣe eré. Ànábì (SAW) sọ orúkọ àwọn kan nínú wọn fún Hudhayfah ọmọ Al-Yamaan, ó sì pa àṣírí náà mọ́. Umaru (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), ẹni tí a ti fún ní ìró Àlùjánńà, ló lọ bá Hudhayfah. Kò béèrè pé ta ni kí àwọn mú. Ohun tó béèrè ni bóyá orúkọ òun Umaru wà nínú wọn. Ní àgọ́ tiwa, a jẹ́ bí ọgọ́rin, kò sí ẹnì kan nínú wa, títí kan olùkọ́, tó kọ́kọ́ wo àpò ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ irọ́. Lórí èyí, a kì í ṣe múfútí, kí ẹ bi àwọn àgbà onímímọ̀ tó wà nítòsí yín. Ohun tí a mọ̀ ni a ó sọ. Àwọn kan ní kò sí irọ́ nínú eré yìí, nítorí gbogbo ẹni tó jókòó ló ti gbà pé wọn á tan òun jẹ, ẹni tó sì mọ̀ pé wọ́n ń tan òun kò wọ ọ̀fìn. Àlàyé yìí ní ìwúwo díẹ̀, a kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá, Ànábì kìlọ̀ ègbé fún ẹni tó ń parọ́ torí kí ó lè pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Nínú òmíràn tí Abu Dawud gbà wá, ó ṣe onígbọ̀wọ́ ilé kan láàárín Àlùjánńà fún ẹni tó bá pa irọ́ tì kódà nínú àwàdà. Ta ni nínú wa tí yóò fi ilé yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ fún pépà tí a ká?

Èyí tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ rárá ni ìbúra. Ní alẹ́ kan ní apá àwọn arábìnrin, nígbà tí wọ́n fẹ́ dìbò pa ọ̀kan, ó ké “Wàláhì, èmi kọ́!” Òun sì ni. Arábìnrin tó ń ṣe rẹfirí dá eré dúró lójú ẹsẹ̀, ó kó pépà jọ, ó ní eré ti tán fún alẹ́ náà. A yin arábìnrin yìí. Orúkọ Ọlọ́hun kì í ṣe ohun tí a fi ń borí nínú eré.

Ṣé a lè ṣe eré náà láìparọ́? A ti dán an wò. Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń ṣàwàdà, òtítọ́ nìkan ló sì ń sọ. Ọkùnrin kan ní kí ó fún òun ní ẹran tí òun yóò gùn, ó ní òun á fún un ní ọmọ abo ràkúnmí. Ọkùnrin náà ní kí ni òun fẹ́ fi ọmọ ràkúnmí ṣe? Ànábì bi í bóyá ràkúnmí kan wà tí abo ràkúnmí kò bí. Nígbà ìrìnàjò Híjírà, bí àwọn ènìyàn bá bi Abubakri pé ta ni ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀, á ní ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún òun ni. Wọ́n rò pé ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, ọ̀nà oore ló ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ oníbùú méjì báyìí, àwọn onímọ̀ gbà á láàyè tí kò bá ti gba ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, òfin tí a fi lélẹ̀ báyìí ni pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ béèrè pé “ṣé ìwọ ni?”, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ sọ ohun tó wà nínú pépà rẹ̀, ì báà jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. Ìbúra di èèwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀sùn kan ènìyàn gbọ́dọ̀ mú ohun tí gbogbo wa rí wá: ìwọ lo nawọ́ sí lágbájá láàárọ̀, ìwọ náà lo gbèjà tàmẹ̀dù tó wá jẹ́ Mafia, ìgbà tí ìbò fẹ́ kàn án lo yí ọ̀rọ̀ padà. “Ojú rẹ̀ ń ṣe mí bákan” kò wọlé mọ́, rẹfirí á ní kí o jókòó. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ kùn pé a ti ba eré jẹ́. Lóòótọ́, ó túbọ̀ le, ó sì falẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ kejì, a rí àwọn tó mú báírò àti ìwé wá, tí wọ́n ń kọ ẹni tó dìbò fún ta ni. A tún fi èyí kún un pé bí eré bá tán, gbogbo ènìyàn á ya pépà rẹ̀ jù sínú garawa, ẹni tó bá pe ẹnikẹ́ni ní Mafia lẹ́yìn ìyẹn ni yóò fọ àwo ní ọjọ́ kejì. Àwo púpọ̀ ni wọ́n fọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa, lọ́jọ́ yẹn náà lẹ́yìn ìrun Alásárì, a dìde níwájú gbogbo àgọ́, a sọ pé àwa la ṣe àṣìṣe, a sì sọ gbólóhùn tiwa tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé gbangba ni wọ́n ti bà á jẹ́. Nígbà tí àgọ́ tú, a wá ilé wọn lọ. Bàbá rẹ̀ gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, “Àlùfáà, ẹ jókòó, ẹ jókòó.” Ọmọ náà gbé omi wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wolẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. A bẹ̀ ẹ́ lójú bàbá rẹ̀. Ó ní òun ti forí jì wá. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, a kò là á wò.

Ó wá sí ìpàgọ́ tó tẹ̀ lé e. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹní tí a ń ká pépà, ó wá jókòó ti wa. Ó ní òun kò fẹ́ gba pépà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà, òun lè bá wa pín in.